Ìkìlọ̀ Pàjáwìrì fún Ará Tchaourou: Ẹ Má Gbé Ìwé Ìdánimọ̀ Yín fún Ẹni Tó Ní Òun Á Bá Yín Dín In Kù Lọ́fẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará Tchaourou, ẹ̀yin ará Bétérou, Tchatchou, Kika, Goro, Sanson àti Alafiarou, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ wọ yunifásítì, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń du concours, ẹ dákun, ẹ fetí sílẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojúlé náà wá kọ ọ́ sí yín ní pupa pé «fichier trop volumineux», ẹ má sáré kọ «compresser PDF gratuit» sínú Google kí ẹ sì gbé acte de naissance yín fún ojúlé àkọ́kọ́ tó bá yọjú. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí nọ́ńbà WhatsApp ẹnikẹ́ni tí ẹ kò mọ̀ rí, tó ní òun á bá yín dín in kù ní ìṣẹ́jú kan. Orúkọ yín, orúkọ bàbá àti ìyá yín, ọjọ́ ìbí yín, NPI tí í ṣe nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín, àti ojú yín gan-an lẹ kó lé e lọ́wọ́ yẹn. Èyí tó bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ olè lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti bọ́ nìyẹn, kò sí komisáríà tí ẹ ó ti lọ gbà á padà.

Ẹ má dúró dìgbà tí èsì Bac bá jáde kí ẹ tó ka ìkìlọ̀ yìí. Ní ọjọ́ yẹn, gbogbo cyber á kún dẹ́nu ọ̀nà, nẹ́tíwọọ̀kì á máa fà, iná SBEE lè lọ, ọmọ á máa sunkún pé ọjọ́ ti ń pé. Ẹni tó wà nínú irú ìdààmú bẹ́ẹ̀ kì í bèèrè ẹni tó ni ojúlé tó ń tẹ̀. Ohun tí àwọn olè ń dúró dè gan-an ni ìdààmú yẹn.

Èmi kò sọ pé kí a padà sí ayé tó ti lọ o. Tchaourou ni commune tó fẹ̀ jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó lé ní 7,200 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ẹni tó ń gbé ní ìkángun rẹ̀ mọ ohun tí ìrìn ìwé kan ṣoṣo máa ń jẹ: owó zémìjàn, owó taksí, odidi ọjọ́ oko kan, kí wọ́n sì tún sọ fún un ní Parakou pé kó padà wá lọ́la. Láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2017 sí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n forúkọ wa sílẹ̀ nínú ètò RAVIP. Nínú rẹ̀ ni NPI tí ANIP, àjọ ìdánimọ̀ ìjọba, ń tọ́jú ti jáde. Nígbà tó di ọdún 2020, service-public.bj dé, ẹni tó fẹ́ casier judiciaire lè jókòó sílé kó bèèrè rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, bóyá ilé-iṣẹ́ kajú tàbí ti ẹ̀gẹ́, rí monentreprise.bj lò. Ọmọ tó yege Bac ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ lórí apresmonbac.bj. Ohun rere ni, ẹsẹ̀ wa sinmi. Ṣùgbọ́n ìwé tí à ń dì sínú ọ̀rá tẹ́lẹ̀, tí à ń fi abẹ́ ibùsùn pamọ́ sí, ti wá ń rìn lọ sí ibi tí ojú wa kò tó.

Gbogbo ibi tí ẹ bá ti ń gbé ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ìwọ̀n tó lè gbà. Òmíràn á ní kó má ju 2 Mo lọ, òmíràn 1 Mo, òmíràn 500 Ko péré. Àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní bá yà sì lè wọn 3 Mo sí 5 Mo. Ẹ ò rí i pé ojú ewé àkọ́kọ́ ti kọjá ààlà kí ẹ tó ya ìkejì! (Ko àti Mo tí Faransé ń kọ ni KB àti MB tí ẹ máa rí lórí ojúlé Gẹ̀ẹ́sì. 1 Mo tó nǹkan bíi 1,000 Ko. Àwọn tí ẹ̀gbọ́n wọn ń bá wọn fọwọ́ sí ìwé láti Ìbàdàn tàbí Èkó máa ń ṣi èyí mú.) Ibi tí ìwé ti wúwo jù yìí ni ewu ti ń wọlé, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti olè. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ẹ̀ka FBI tó wà ní Denver ní Amẹ́ríkà ké gbàjarè pé àwọn ọ̀daràn ń ṣí ojúlé ọ̀fẹ́ tó ń sọ ìwé Word di PDF, tàbí tó ń so àwòrán púpọ̀ pọ̀ di fáìlì kan. Ohun tó mú kí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ yìí burú ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí, wọ́n ń ṣe é ní ti gidi. Fáìlì yín á padà wá, á ti kéré, ojúlé ìjọba á gbà á, ẹ ó sì máa yọ̀. Ẹ kò ní mọ̀ pé kòkòrò lè wà nínú ohun tí wọ́n dá padà, èyí tí yóò ṣílẹ̀kùn kọ̀ǹpútà fún wọn. FBI ní wọ́n tún ń tú inú ìwé tí ènìyàn gbé wá wò, wọ́n ń ṣa nọ́ńbà ìdánimọ̀, ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ báńkì, àdírẹ́sì ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà jáde níbẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, CloudSEK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ṣàlàyé bí àwọn kan ṣe ṣe ojúlé tó jọ PDFCandy bí ìbejì. PDFCandy fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, orúkọ àti aṣọ rẹ̀ ni wọ́n jí wọ̀. Bí ènìyàn bá gbé fáìlì síbẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó rí ìlà kan tó ń kún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ní kó fi hàn pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ, wọ́n á sì ní kó da àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àṣẹ yẹn ló ń fa kòkòrò tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé. Nítorí náà, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kò sí ojúlé tó ń dín PDF kù ní tòótọ́ tó máa ní kí ẹ ṣí ojú dúdú kọ̀ǹpútà kí ẹ sì lẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn. Èyí tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ pa á dé lójú ẹsẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo Nàìjíríà tí ààlà rẹ̀ kò jìnnà sí oko wa. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative sọ fáráyé pé ojúlé kan tí wọ́n ń pè ní AnyVerify ń ta àkọsílẹ̀ NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ní 100 náírà. NIMC, ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú NIN, fèsì pé ẹnikẹ́ni kò fọ́ ilé ìpamọ́ òun, pé irú àwọn ojúlé bẹ́ẹ̀ ń kó ìsọfúnni tí àwọn ènìyàn fọwọ́ ara wọn fún wọn jọ ni, wọ́n wá ń tà á. Èmi kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ìdáhùn NIMC ló dẹ́rù bà mí ju ẹ̀sùn lọ, nítorí bí wọ́n bá fọ́ ilé ìpamọ́, ìjọba ni yóò tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé àwa la ń fọwọ́ ara wa gbé e fún wọn, ta ni yóò bá wa tún un ṣe?

Kí ni olè máa fi acte de naissance ọmọ àgbẹ̀ ṣe? Ìbéèrè tí àwọn àgbà máa ń bi mí nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò ní fi kọ́lé. Ó lè fi ìwé náà gba káàdì SIM, kó fi SIM náà ṣí àpò Mobile Money, kó wá jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ máa lu ènìyàn ní jìbìtì. Gbogbo wa la mọ àwọn gaïman, àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti iṣẹ́ wọn. Gaïman kì í fi orúkọ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹni tí wọ́n lù bá fẹjọ́ sùn, tí wọ́n bá tọpa nọ́ńbà náà, orúkọ tó máa jáde ni ti ọmọ yín tó kàn fẹ́ kí PDF òun má ju 1 Mo lọ. Kí ó tó fi hàn pé òun kọ́, ó ti rìn lọ rìn bọ̀, ó ti náwó.

Mo gbọ́ àwọn tó máa sọ pé iLovePDF ń bẹ, Smallpdf ń bẹ, ilé-iṣẹ́ gidi ni wọ́n, wọ́n sì ní àwọn ń pa fáìlì rẹ́ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ìwé ìpè ìgbéyàwó, tàbí àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kíláàsì, ẹ lò wọ́n, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ayédèrú ń fara wé, àti pé èsì tó wà lókè pátápátá nínú Google, tí wọ́n kọ «Sponsorisé» sí lára, owó ni wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Fún ìwé tó ní NPI, fọ́tò tàbí ìbuwọ́lù yín, ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kó má kúrò nínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà tí ẹ mọ olówó rẹ̀ títí di ìgbà tó bá ń lọ sí ojúlé tó bèèrè rẹ̀.

Ọ̀nà kejì tí ewu ń gbà wọlé kò ní olè nínú, ọwọ́ wa la fi ń fà á. Àwọn tó bá ti rí i pé ìwé wúwo máa ń fún un, wọ́n á tún fún un, títí yóò fi kéré ju bó ti yẹ lọ. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Nínú fáìlì tí wọ́n ti fún jù, 3 á jọ 8, 1 á jọ 7, òǹtẹ̀ mairie á di àbàwọ́n. Ẹni tó ń yẹ ìwé wò ní Kútọnu kò mọ̀ yín, kò sì ní pè yín. Á kọ «illisible» sí i lára, á sì kọjá sí ti ẹlòmíràn.

Èyí tí a fojú rí pé ó ti bàjẹ́ ṣì sàn. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 2013. David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, rí àwòrán ilé kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ Xerox WorkCentre dà kọ. Yàrá mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra wà nínú ìwé àkọ́kọ́: 14.13, 21.11 àti 17.42 mítà onígun mẹ́rin. Nínú èyí tí ẹ̀rọ dà kọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di 14.13. Kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀, nọ́ńbà náà mọ́ gaara, irọ́ ni. Bí Kriesel ṣe wádìí, ó rí i pé ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà dín fáìlì kù, èyí tí wọ́n ń pè ní JBIG2, ló fà á. Kó má baà tọ́jú lẹ́tà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ náà ń wá àwọn tó jọra, á tọ́jú ẹyọ kan, á wá máa fi ẹyọ yẹn rọ́pò àwọn yòókù. Níbi tí lẹ́tà ti kéré, ó rí 6, ó ní 8 ni. Xerox ní láti ṣe àtúnṣe fún àwọn ẹ̀rọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba Jámánì tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà sì pàṣẹ lẹ́yìn náà pé kí wọ́n má lo ọ̀nà yẹn fún ìwé tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ojúlówó.

Ẹ wá fi ojú yẹn wo NPI yín. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tó bá yí padà, ẹlòmíràn lẹ dà. Látìgbà tí nọ́ńbà fóònù wa ti di oní-mẹ́wàá ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, tí 01 wà níwájú rẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù ti gùn sí i, ibi tí àṣìṣe lè bọ́ sí ti pọ̀ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá dín fáìlì kù, ẹ ṣí i, ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé gidi lọ́wọ́: ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà acte, NPI, ọdún ìdánwò. Ẹ má kàn wò ó gààràgà kí ẹ ní ó ti dáa.

Ti lọ́tìrì físà Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti máa ń gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i, nítorí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ wà nínú àwọn tí wọ́n ń gbà títí di DV-2026, nígbà tí wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò láti DV-2015. Fọ́tò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ JPEG, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ó kéré tán 600 lọ́nà 600 pixel, kò sì gbọ́dọ̀ ju 240 Ko lọ. Fọ́tò tó ti pẹ́ ju oṣù mẹ́fà lọ kò ṣeé lò. 240 Ko yìí ló ń lé àwọn ènìyàn lọ bá àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú. Aṣojú á ya fọ́tò, á kọ fọ́ọ̀mù, á sì fi nọ́ńbà ìfìdímúlẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ ó ti máa gbọ́, yóò sì ti mọ iye tó máa gbà kó tó sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é lọ́nà yìí, ẹ lọ gba nọ́ńbà yín lónìí. Bí ó bá sì ní òun á forúkọ yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí oríire lè yá, ẹ sá: ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á fagi lé gbogbo rẹ̀.

Báwo wá ni ká ṣe é? Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù nìyí, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe kò ní wá olè lọ. Ohun tó ń jẹ́ kí ìwé wúwo kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe yà á ni. Ìwé A4 tí wọ́n bá fi scanner yà ní 300 dpi (iye àmì tó wà nínú ínǹṣì kan) jẹ́ 2,480 lọ́nà 3,508 pixel, ìyẹn àmì tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù 8. Ìwé kan náà ní 150 dpi jẹ́ 1,240 lọ́nà 1,754, kò ju mílíọ̀nù 2 àti díẹ̀ lọ. Ìdá mẹ́rin ni, ojú ènìyàn á sì ṣì kà á geere. Bí ìwé náà kò bá ní àwọ̀ tó ṣe pàtàkì, tí ẹ bá yà á ní «niveaux de gris», ẹ tún dín in kù, nítorí àwọ̀ máa ń gba nọ́ńbà mẹ́ta fún àmì kọ̀ọ̀kan níbi tí eérú ń gba ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ dín in kù níbi tí ẹ ti ń yà á, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti wúwo tán.

Ẹ ṣọ́ra fún «noir et blanc» o. Kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú «niveaux de gris». Noir et blanc kò mọ ohun tó wà láàárín: ohun tó bá ṣú, ó sọ ọ́ di dúdú, ohun tó bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sọ ọ́ di funfun. Acte àtijọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, àti òǹtẹ̀ búlúù mairie, lè pòórá pátá nínú rẹ̀. Jugement supplétif tí wọ́n ti ká mọ́ra fún ọdún mélòó kan náà á di ìlà dúdú níbi tó ti ká. Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ yà á ní àwọ̀, kí ẹ wá dín dpi rẹ̀ kù.

Ẹni tó ń fi fóònù yà á kò nílò ojúlé kankan. Lórí Android, àpù Google Drive ní ibi tí wọ́n ti ń ya ìwé di PDF. Lórí iPhone, inú Notes ló wà. Ẹ gbé ìwé sórí nǹkan tó ṣú, níta, níbi òjìji, kí oòrùn má kọ mọ̀nà lórí rẹ̀. Ẹ gé etí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ya tábìlì, aṣọ tábìlì àti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ ìwé dà bí ẹni tó ru iṣu lọ sọ́jà pẹ̀lú ebè rẹ̀, ebè yẹn ló ń kọjá ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ JPEG ni wọ́n bèèrè, ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ ń lò láìmọ̀ pé ó bójú mu: ẹ fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí «document», nítorí fọ́tò ni WhatsApp máa ń dín kù, document kì í dín. Ẹ wá fi èyí tó padà wá pamọ́. Kí ẹ sì kà á wò kí ẹ tó lò ó.

Lórí kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá ń sọ Word di PDF, «taille minimale» wà níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. LibreOffice tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń bèèrè nígbà tí ẹ bá ń «exporter au format PDF» bóyá kó dín dpi àwòrán kù. Ẹ ní kó ṣe é ní 150. Fífi fáìlì sínú ZIP kò wúlò níhìn-ín, nítorí JPEG àti PDF aláwòrán ti fún ara wọn tán, ojúlé ìjọba kì í sì í sábà gba ZIP. Ẹ má sì kàn yí .jpg padà sí .pdf ní ìparí orúkọ rẹ̀. Orúkọ lẹ yí yẹn. Bí ojúlé bá ṣì kọ̀ ọ́ lẹ́yìn tó ti kéré, ẹ wo orúkọ fáìlì náà fúnra rẹ̀: ẹ yọ àlàfo àti àmì orí lẹ́tà kúrò, kó jẹ́ acte_naissance.pdf, kó parí.

Ọ̀pọ̀ wa ṣì ní láti lọ sí cyber, mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ni cyber àdúgbò yín lè jẹ́ olóòótọ́ pọ́ńbélé; kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ogún ènìyàn ń jókòó sí lójúmọ́, ni èmi kò lè jẹ́rìí fún. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà á ní 150 dpi, niveaux de gris, PDF, kí ẹ sì fi í sínú clé USB mi.» Bó bá ní kí ẹ fi í ránṣẹ́ sórí WhatsApp òun kí òun lè tẹ̀ ẹ́, ẹ ní ẹ ti mú clé wá. Ìwé tó bá wọ fóònù rẹ̀ ti wọ àwòrán ìdílé rẹ̀, ó ti wọ ibi ìpamọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò ní rántí pé ó wà níbẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi jí fóònù náà. Kí ẹ tó dìde, ẹ ṣí «Téléchargements», ẹ pa fáìlì yín rẹ́, ẹ sì tú «Corbeille» dànù. Ẹ jáde kúrò nínú ímeèlì yín. Bí ẹ bá lo WhatsApp Web, ẹ ṣí «Appareils connectés» lórí fóònù yín kí ẹ yọ kọ̀ǹpútà cyber náà kúrò. Àwọn kan wà tí wọ́n ti lọ sílé láti oṣù mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ ìdílé wọn ṣì ń hàn lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin màmá tí ẹ kò mọ̀wé, tí ẹ fi ìwé rán ọmọ ọmọ yín, ẹ má kàn bi í pé «Ṣé ó ti lọ?» Ẹ bi í pé: «Ojúlé wo lo gbé e sí? Ta ló bá ọ dín in kù? Ìwé mi gidi dà?» Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọ́n á bi òun ní ìbéèrè mẹ́ta yìí á ṣọ́ra.

Ẹ má sì dúró di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ ya gbogbo ìwé yín sílẹ̀ báyìí, nígbà tí ọkàn yín balẹ̀. Ẹ ṣe é ní oríṣi méjì, ọ̀kan tó mọ́ gaara tí ẹ ó tọ́jú, ọ̀kan tí kò ju 500 Ko lọ tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú group WhatsApp ẹbí. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ nípa ímeèlì, ẹ mọ̀ pé Gmail kò gba ohun tó bá ju 25 Mo lọ lápapọ̀, àti pé ímeèlì kì í ṣe àpótí àṣírí.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí wọ́n ń pè ní Code du numérique, dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni: ẹ lè ní kí ẹni tó ní ìwé yín lọ́wọ́ sọ ohun tó ń fi ṣe, ẹ sì lè ní kó pa á rẹ́. APDP ni àjọ tí ẹ ó fẹjọ́ sùn bó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ilé àti orúkọ ni APDP lè ránṣẹ́ pè. Ojúlé tó ṣí lánàá, tí yóò ti lọ́la, kò ní dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ìwé yín sílẹ̀ níbi tí ọkàn yín kò balẹ̀ sí, ẹ má jókòó. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà yín ló gba fáìlì padà láti ojúlé náà, ẹ má ṣí i, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ fi ẹ̀rọ mìíràn yí ọ̀rọ̀ aṣínà ímeèlì àti Mobile Money yín padà. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sí ilé-iṣẹ́ MTN, Moov tàbí Celtiis, ẹ ní kí wọ́n wo nọ́ńbà tó wà lórúkọ yín, kí wọ́n sì ti èyí tí ẹ kò mọ̀. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan tí kì í ṣe tiyín, ẹ lọ sí komisáríà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí CNIN, ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí ọ̀ràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ń bójú tó. Ẹ gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá kọ, ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ló máa gbà yín bí ẹnìkan bá fi orúkọ yín jalè lẹ́yìn náà. Bí ìtìjú bá sì ń mú yín, ẹ má torí rẹ̀ pa ọ̀rọ̀ tí ẹ bá onítọ̀hún sọ lórí WhatsApp rẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ àti aago tó wà níbẹ̀ wà lára ohun tí ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ bèèrè.